Yunifásítì Àtùpà Ń Wá Àjèjì Kan

Ní ọjọ́ tí àwọn olùṣàyẹ̀wò ń bọ̀ wá wò ó bóyá Yunifásítì Àtùpà, ní Ìkòsì, tó èyí tí wọ́n ń pè ní yunifásítì ìwádìí onípò kìn-ín-ní, ilẹ̀ Gbọ̀ngàn Ìwádìí kò tíì gbẹ. Mutolib onítáìsì wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń fi òòlù rọ́bà kan táìsì mọ́lẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, nígbà tí Dókítà Ládé, Dáírẹ́kítọ̀ Ètò Ìgbéga, já dé ẹnu ọ̀nà tòun ti kóòtù lọ́rùn àti òógùn lójú.

"Ọ̀gá, ẹ dúró níbẹ̀! Ẹ má tẹ̀ ẹ́ o! Ó ṣì tutù!"

Dókítà fi ẹsẹ̀ kan dúró, ó gbé ìkejì sókè. "Mutolib, ó ti parí."

"Kò tíì parí o, Ọ̀gá. Ó ku apá ibí yìí."

"Ayé mi ni mò ń sọ! Ọ̀jọ̀gbọ́n tó yẹ kó ti Jámánì wá, kò wá mọ́. Ó ní inú ń run òun."

"Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ ní kó mu àgbo."

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbo! Àwọn olùṣàyẹ̀wò ti wà ní Ojota báyìí. Máàkì wà fún gbọ̀ngàn, ìwọ ń parí rẹ̀ lọ́wọ́. Máàkì wà fún kọ̀ǹpútà, a ti lọ yá a. Máàkì wà fún olùwádìí tó jẹ́ àjèjì, a ò ní ẹyọ kan. VC ní bí n kò bá rí àjèjì fi hàn lónìí, kí n kó ẹrù mi kúrò nínú ọ́fíìsì, kí n padà lọ máa kọ́ àwọn ọmọ ọdún kìn-ín-ní."

"Ṣé ìyẹn náà burú ni?"

"Ẹgbẹ̀ta ni wọ́n! Fáànù kan ṣoṣo ló wà nínú kíláàsì wọn, ara ògiri ló sì kọjú sí! Mutolib, ó ti di ọdún kẹta tí mo ti ń jókòó sínú AC. Ara mi ò lè gba ooru mọ́."

Mutolib mi orí. Àánú ọkùnrin náà ṣe é lóòótọ́. "Àjèjì wá wọ́n tó báyìí, ní Èkó?"

"Mo ti yí gbogbo Mile 12 po láàárọ̀. Ẹni tí mo bá ti bi pé, 'Ọmọ ìlú ibo ni ẹ́?' kíá ni yóò ní ọmọ Nàìjíríà lòun. Kóòtù tí mo wọ̀ yìí, wọ́n rò pé ìmígíréṣọ̀n ni mí."

"Ohun tí èmi náà máa ń sọ fún wọn nìyẹn," ni Mutolib wí, ó sì kan táìsì mìíràn mọ́lẹ̀.

Dókítà rọra sọ ẹsẹ̀ kejì kalẹ̀. "Kí lo wí?"

"N ò wí nǹkan kan o."

"Mutolib, ọmọ ìlú ibo ni ẹ́?"

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, Alàmísì lòní, mo gbààwẹ̀. Ẹ bi mí lọ́la."

"Kí ló kan ààwẹ̀ níbẹ̀?"

"Ẹni tó gbààwẹ̀ tó tún ń parọ́, ebi lásán ló fi ń pa ara rẹ̀. Tí ẹ bá bi mí lónìí, òótọ́ ni máa sọ, òótọ́ náà lè kó bá mi."

"Mo bi ẹ́!"

Mutolib gbé òòlù rẹ̀ sílẹ̀, ó mí kanlẹ̀. "Pọ́bẹ̀ ni. Ní Benin, ọ̀nà Kùtọnu lọ́hùn-ún. Ẹ má pe ìmígíréṣọ̀n, Ọ̀gá. Mo ní ìwé."

Dókítà Ládé na ọwọ́ méjèèjì sókè. Omijé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. "Olúwa, o ṣeun! Ohun tí mò ń wá lọ sí Mile 12, ẹ̀yìn táìsì ló jókòó sí! Àjèjì ti wà nínú ilé wa láti ọjọ́ Ajé, a kàn ń gbé sìmẹ́ńtì fún un!"

"Ọ̀gá, Pọ́bẹ̀ ni mo pè é, n ò pè é ní Lọ́ńdọ̀nù. Ibo lẹ̀yin alára ti wá?"

"Ìlaròó."

"Ẹ ò wá rí i? Ìlaròó ni wọ́n ti fẹ́ ìyá tó bí bàbá mi. Kọ́sítọ́ọ̀mù nìkan ló wà láàárín wa."

"Kọ́sítọ́ọ̀mù yẹn gan-an ló máa gbà mí là! Sọ Faransé díẹ̀ kí n gbọ́."

"N ò gbọ́ Faransé."

"Kí ni wọ́n wá ń sọ ní Pọ́bẹ̀?"

"Èyí tí à ń sọ yìí náà ni."

"Wọn ò kọ́ ẹ ní Faransé níléèwé?"

"Ọjọ́ tí wọ́n máa kọ́kọ́ kọ́ wa, tíṣà nà mí. Ọjọ́ kejì, mo ti wà lọ́dọ̀ bíríkìlà."

Dókítà họ orí. "Kò burú. Má sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n gidi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ jù, wo ibi tó gbé mi dé."

Ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó jù ú kọjá lórí ilẹ̀ tútù náà. Ó ju awò ojú rẹ̀ tẹ̀ lé e. Mutolib hán méjèèjì, ó gbé kóòtù wọ̀ lé ẹ̀wù oní-sìmẹ́ńtì. Kóòtù náà bá a mu ju ẹni tó ni ín lọ, ó sì dun Dókítà díẹ̀.

"Ó dára gan-an. Ẹ gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n."

Mutolib bojú wẹ̀yìn. "Ta lẹ̀ ń bá wí?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ẹ̀yin? Láti ọjọ́ Ajé, 'ìwọ onítáìsì yìí' lẹ̀ ń pè mí."

"Kóòtù ni mò ń bọ̀wọ̀ fún."

"Kóòtù ní ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá, mo ti sọ ọ́ o, n ò ní parọ́."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ parọ́? Ẹ jẹ́ ká dán an wò. Tí wọ́n bá ní, ṣé àjèjì ni yín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Tí wọ́n bá ní, iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe níbí?"

"Iṣẹ́ ilẹ̀."

Ojú Dókítà tàn. "Iṣẹ́ ilẹ̀! Ẹ dúró síbẹ̀, ẹ má fi nǹkan kan kún un! Wọ́n á rò pé ẹ̀ ń wá kùsà. Tí wọ́n bá wá ní, kí lẹ ti rí nínú ìwádìí yín ńkọ́?"

"Mo rí i pé ẹni tó da ilẹ̀ yìí jí lára sìmẹ́ńtì."

"Ìyẹn, ẹ bá wa fi pamọ́."

Mutolib rìn síwá sẹ́yìn ní apá ibi tó gbẹ, ó di ọwọ́ sẹ́yìn. Ipò náà ti ń dùn mọ́ ọn. "Dókítà, ẹ jẹ́ kí èmi náà bi yín. Kí lẹ máa ń wádìí gan-an ní yunifásítì yín yìí?"

Dókítà wúkọ́. "A ń wádìí bí a ṣe máa di yunifásítì ìwádìí."

"Ó ti pẹ́?"

"Ọdún mẹ́ta."

"Kí lẹ ti wá rí?"

"A rí i pé a nílò gbọ̀ngàn."

Fèrè mọ́tò dún nínú ọgbà. Dókítà fò sókè. "Wọ́n ti dé! Ẹ fi awò sójú! Kíá!"

Mutolib fi awò sójú. Gbogbo gbọ̀ngàn sì yí mọ́ ọn lójú. "Ọ̀gá! Ilẹ̀ ń gòkè bọ̀ o!"

"Ẹ dúró sójú kan!"

"Èwo nínú ojú méjèèjì?"

Ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ síwájú, ó fẹ́ dojú dé orí táìsì tútù. Dókítà Ládé gbàgbé gbogbo ìkìlọ̀, ó fò wọlé, ó tì í padà sí apá ibi tó gbẹ, òun fúnra rẹ̀ sì balẹ̀ sórí eékún àti àtẹ́lẹwọ́, pẹ̀ẹ́, láàárín ilẹ̀.

"Ẹ má mira!" Mutolib já awò kúrò lójú. "Ọ̀gá, ẹ má mira rárá! Táìsì mẹ́rin lẹ tẹ̀. Tí ẹ bá gbé ọwọ́, wọ́n á wọ́. Tí ẹ bá gbé eékún, wọ́n á dìde. VC sì ní òun ò fẹ́ rí ẹyọ kan tó wọ́."

"Ìgbà wo ló máa gbẹ?"

"Lọ́la."

"Mutolib!"

"Ọ̀jọ̀gbọ́n," ni Mutolib tún un ṣe fún un, ó sì na ọrùn kóòtù rẹ̀.

Ìyá kan tó wọ awò, Ọ̀jọ̀gbọ́n Catherine, olórí àwọn olùṣàyẹ̀wò, yọjú lójú fèrèsé pẹ̀lú bírò lọ́wọ́. Ó béèrè bóyá àjèjì tí VC sọ fún àwọn nìyí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Ọmọ Benin ni mí."

Ó béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe.

"Iṣẹ́ ilẹ̀ ni, Mà."

Màmá náà mi orí, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Dókítà Ládé mí kanlẹ̀ níbi tó kúnlẹ̀ sí. Lọ́kàn rẹ̀, atẹ́gùn AC ti ń fẹ́ sí i lẹ́yìn ọrùn. Ìgbà náà ni Màmá béèrè èyí tí wọn kò dán wò: àwọn olùwádìí mélòó ló ń bá Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣiṣẹ́ nínú gbọ̀ngàn yìí?

Mutolib wo Dókítà. Ojú nìkan ni Dókítà lè mì, ó sì fi ojú náà bẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń bẹ onídùúró. Mutolib wo òòrùn lójú fèrèsé. Ìṣínu ṣì jìnnà.

"Mà, ẹ má bínú, mo gbààwẹ̀. Láti ọjọ́ Ajé tí mo ti dé ibí, èmi nìkan ni mo rí tó ń ṣiṣẹ́."

Bírò Màmá dúró. Ó na ọwọ́ sí ọkùnrin tó kúnlẹ̀ láàárín ilẹ̀, tí sìmẹ́ńtì ti bo ṣòkòtò rẹ̀. Ó ní èyí wá ńkọ́?

Mutolib rí i pé òun ti ba nǹkan jẹ́ fún ọmọ ará ilé òun, ọmọ Ìlaròó. Ó fẹ́ tún un ṣe tọkàntọkàn.

"Èyí? Dáírẹ́kítọ̀ wa ni, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú rẹ̀ nínú máàkì tí ẹ fẹ́ fún un. Òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́."