Àga Tí Vernon Stadler Kó Kúrò

Vernon Stadler kì í ṣe alága Àjọ̀dún Àgbàdo. Vernon ni àjọ̀dún fúnra rẹ̀. Òun ló sọ bẹ́ẹ̀, kò sì tíì sú u láti máa sọ ọ́.

Vernon, olówó ọkọ̀ àlòkù! Arẹ́rìn-ín-bí-ẹni-tó-fẹ́-ta-bíréèkì-tí-kò-mú! Ní Marlow Bend, ìlú wa ní Ohio, kò sí ògiri tí àwòrán eyín rẹ̀ kò sí lára rẹ̀. Àwa náà la gbé e sórí pèpéle. A kan pátákó fún un, a tún bá a to àtẹ̀gùn.

Tí àjọ̀dún bá ti ku ọ̀la, oníkálukú á gbé àga aṣeéká rẹ̀ lọ sí etí títì Main, níbi tí ìwọ́de ń gbà kọjá. Á fi í síbẹ̀, á lọ sùn. Ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan àga ẹlòmíràn. Olè tó ń jí kẹ̀kẹ́ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá kì í dán an wò.

Vernon fọwọ́ kàn án. Tẹlifíṣọ̀n ń bọ̀ lọ́dún yìí, ó sì fẹ́ kí wọ́n bá òun lórí pèpéle, láàárín àwọn àlejò pàtàkì lórí àga funfun. Láàárọ̀ ọjọ́ àjọ̀dún, ó ní kí wọ́n kó gbogbo àga tó wà níwájú ilé ẹjọ́ dà sẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́, bí igi ìdáná.

Àga Loretta Quigley wà lára wọn. Orúnkún ìyá àgbà yìí kò jẹ́ kó lè dúró pẹ́. Kaylee, ọmọ ọmọ rẹ̀, ló máa ṣáájú ẹgbẹ́ afunfèrè ilé ẹ̀kọ́ girama, ọdún yìí ló sì máa jáde níbẹ̀. Ìyá náà bẹ Vernon pé kó fi àga òun sílẹ̀.

"Màmá, ẹ dúró lẹ́yìn, ẹ ó gbọ́ orin," ni Vernon wí. "Ojú kọ́ la fi ń gbọ́ orin."

"Ìwọ náà dúró lẹ́yìn nígbà náà, ọmọ mi. Ohùn rẹ ti tó wa."

Vernon rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wojú ẹni tó ni àga.

Màmá Quigley kò bá a jà. Ó sọ fún Marlene Stroud, tó ń wa ọkọ̀ panápaná tí ìwọ́de ń tẹ̀ lé lọ́dọọdún. Marlene sọ̀kalẹ̀, ó fa àga náà yọ, ó gbé e lọ sí òpópónà Walnut. Àwọn tó ń wá àga tiwọn rí i, wọ́n gbé tiwọn tẹ̀ lé e. Àwọn tí Vernon kò fọwọ́ kan àga wọn náà kó wọn kúrò ní Main. Ọlọ́pàá tó wà ní ìkòríta ní òun kò rí nǹkan kan, ó sì ń wọ́ igi ìdènà kúrò ní Walnut bó ṣe ń sọ ọ́.

Vernon rí títì tó ṣófo, inú rẹ̀ dùn. Ó rò pé wọ́n ti mọ ipò wọn. Ó ń dán gbohùngbohùn wò. Ó ti so ẹ̀rọ agbóhùnjáde mọ́ gbogbo òpó àárín ìlú, kí ẹnikẹ́ni má baà bọ́ lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Fèrè wá dún láti Walnut, níbi tí Marlene wa ọkọ̀ panápaná gbà, tí ìwọ́de sì tẹ̀ lé e. Àwọn àlejò pàtàkì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ tọ̀ níkọ̀ọ̀kan. Darlene ìyàwó rẹ̀ ní òun fẹ́ ra àgbàdo sísun. Ó gbé àga funfun rẹ̀ dání lọ rà á. Ayàwòrán tẹlifíṣọ̀n nìkan ló kù, nítorí Vernon ti bẹ̀ ẹ́ kó má gbójú kúrò lára òun.

Nígbà tó yá, nǹkan kan yọ lókè títì. Vernon yọ àyà síta, ó gbé ọwọ́ síwájú orí bíi sójà.

"Ẹ dìde, ẹ kí wọn," ló wí. "Ògo Marlow Bend ló ń bọ̀ yìí."

Rusty Kopp ni, pẹ̀lú ṣọ́bìrì àti bárò. Òun ló ń kó ìgbẹ́ ẹṣin lẹ́yìn ìwọ́de. Ó máa ń jìnnà sẹ́yìn, kò sì sẹ́ni tó rántí sọ fún un pé ọ̀nà ti yí. Ó wọ̀tún, ó wòsì, ó wá gbójú sókè wo Vernon.

"Ọ̀gá, mi ò rí ẹṣin kankan," ló wí, gbohùngbohùn sì gbé e dé gbogbo òpó. "Ṣé ẹ̀yin nìkan ni mo máa kó?"

Ẹ̀rín bú ní Walnut débi pé a kò gbọ́ fèrè mọ́. Kaylee gbé ọwọ́ sókè, ó ní kí ẹgbẹ́ rẹ̀ dúró títí àwọn ènìyàn yóò fi rẹ́rìn-ín tán. Iwájú ìyá àgbà rẹ̀ gan-an ló dá wọn dúró sí.