Ọjọ́ Tí Olóyè Láṣebìkan Da Eérú Fúnra Rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé ẹ mọ ohun tó mú kí àwọn àgbà máa sọ pé ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀? Ẹ sún mọ́ mi. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí ju ẹran lọ, bẹ́ẹ̀ ẹ mọ bí mo ṣe fẹ́ràn ẹran tó.

Ní ìlú Ìsàlẹ̀-Ọṣẹ láyé àtijọ́, ààfin ló gba obìnrin méje síṣẹ́ láti máa kó eérú gbogbo ilé lọ sí ààtàn. Moríyìkẹ́ ni olórí wọn. Bí wọ́n bá gbé igbá eérú débẹ̀, wọn kì í dà á kíá. Wọ́n á jókòó, wọ́n á wòkè, wọ́n á máa jẹ obì.

Ọba wá fi Olóyè Láṣebìkan ṣe alábòójútó iṣẹ́ ìlú. Èèyàn dáadáa ni o, àmọ́ ara rẹ̀ kì í gbà á kó rí ẹni tó jókòó. Ó ní àtúnṣe ti dé, kò sí ìjókòó mọ́.

Moríyìkẹ́ ní, "Bàbá, iṣẹ́ ni ìjókòó yẹn."

"Obì jíjẹ náà ńkọ́?"

"Ìyẹn la fi ń bá iṣẹ́ náà rìn."

Olóyè ò gbà. Làwọn obìnrin bá gbé igbá sílẹ̀, wọ́n káwọ́ gbera sílé.

Nígbà tó máa fi di ọjọ́ keje, eérú ti bo gbogbo ìlú, adìẹ dúdú àti adìẹ pupa ti di àwọ̀ kan náà, àwọn ìyàwó ilé ń jà lórí ta ló ni èwo. Ọba pe ìpàdé lẹ́ẹ̀mẹta. Olóyè ní òun gbà kí wọ́n máa wòkè bí wọ́n ṣe ń rìn. Moríyìkẹ́ ní ẹni tó bá ń wòkè rìn, kòtò ló ń lọ.

Ó sú ọba. "Láṣebìkan, àwọn àna mi ń bọ̀ lọ́la. Bí wọ́n bá bá eérú yìí nílẹ̀, ìwọ àti oyè rẹ ẹ ó pínyà."

"Kábíyèsí, kí ló wà nínú eérú dídà? Màá dà á fúnra mi."

Ó gbé igbá lọ sí ààtàn tòun ti agbádá funfun. Gbogbo ìlú tẹ̀lé e. Ọyẹ́ sì ń fẹ́ lọ́jọ́ náà.

Moríyìkẹ́ ní, "Bàbá, ẹ jókòó díẹ̀, kẹ́ ẹ mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń lọ."

"Mi ò jókòó."

Ó dà á. Eérú dìde, ó bò ó lójú. Ó yí sí apá kejì, afẹ́fẹ́ náà yí. Ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, agbádá kún bí àpò, eérú ń tọ̀ ọ́ gba ọjà kọjá. Ó já wọ ààfin níbi tí ọba ti ń jẹun, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Gbogbo eérú tó wà nínú agbádá bá tú sínú ọbẹ̀ ọba.

Ọba wo ọbẹ̀, ó wo olóyè. "Ta ló da eérú?"

"Èmi ni, Kábíyèsí."

"Ta ni eérú wá ń tọ̀?"

Olóyè kọ́kọ́ sín lẹ́ẹ̀mẹta. "Èmi náà ni."

Moríyìkẹ́ wọlé pẹ̀lú omi, ó rọra nu ojú rẹ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá mi. Ẹ gba obì." Olóyè gbà á, ó jẹ ẹ́. Ó sì jókòó.

Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn obìnrin ti kó eérú tán, oyè ò bọ́. Láti ọjọ́ náà, Olóyè fúnra rẹ̀ ló ń ra obì tí wọ́n fi ń wòkè, òun náà á sì jókòó tì wọ́n.

Nítorí náà, bẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà, ẹ má rò pé wọ́n kàn ń sọ̀rọ̀ ni. Ojú ìlú kan ló ṣe, ọbẹ̀ ọba sì jẹ́rìí sí i: ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀.