Ọ̀nà Gbéleyí Tí Ìjọba Kò Fún Ní Nọ́ńbà

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀ sí i, ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Ṣé ẹ mọ ohun tó fà á tí àwọn àgbà fi ń sọ pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà? Mo mọ̀ pé ẹ máa ń sọ ọ́. Bí wọ́n bá fi iṣẹ́ dù yín, ẹ ó ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Bí àfẹ́sọ́nà ọmọbìnrin bá kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ìyá rẹ̀ á ní kó nu omijé nù, ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́? Ojú ọ̀nà wo ló ti sọ ọ́, ọjà wo ló sì ń lọ? Àwọn kan á sọ fún yín pé òwe yìí ti wà kí mọ́tò tó dé ilẹ̀ wa. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Wọn ò sí ní Gbéleyí lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀.

Gbéleyí jẹ́ abúlé kan lẹ́yìn òkè, ní ìpínlẹ̀ kan tí n kò ní dárúkọ, nítorí mo gbọ́ pé inú ṣì ń bí wọn níbẹ̀. Ìlú ńlá tó súnmọ́ ọn jù ni Ìsàgbà, tí ọjà rẹ̀ kún tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń sọ pé bí o bá wá nǹkan tì níbẹ̀, Ọlọ́run ò tíì dá a ni. Ọ̀nà méjì ló ti orí títì ìjọba àpapọ̀ wọ Ìsàgbà, oríta kan náà ni àwọn méjèèjì sì ti pínyà. Ọ̀kan gba abúlé Ọ̀tẹ̀rẹ̀, ó lọ gbọọrọ bí okùn, afárá tóóró kan sì wà lórí odò rẹ̀. Èkejì gba Gbéleyí, ó ń yí òkè ká bí ìgbànú.

Ọ̀nà Gbéleyí yìí ni Àyọ̀ká ń ná. Opó ni Àyọ̀ká. Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un nígbà tó kú. Àwọn ẹbí ní kó tà á, ó ní òun á kọ́ bí wọ́n ṣe ń wà á. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ jókòó sídìí ọkọ̀ náà, àwọn ọkùnrin abúlé sá wọ oko, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi jẹ́ pé òun ni gbogbo wọn ń di tòmátì àti ata fún. Irú ènìyàn tó jẹ́ nìyẹn. Bí o bá sọ fún Àyọ̀ká pé kó má gba ibì kan, ibẹ̀ gan-an ló ń lọ láti àná.

Ó sì ní ìdí tí ọ̀nà náà fi jẹ ẹ́ lógún. Àwọn ará Gbéleyí ló fi ọwọ́ ara wọn la ọ̀nà náà, ọkùnrin, obìnrin, pẹ̀lú ọkọ́ àti òòlù. Ibi tí wọ́n ti ń fọ́ àpáta ni òkúta ti já lu ọwọ́ Ọdẹ́gbàmí, bàbá Àyọ̀ká, ìka méjì sì bá a lọ. Etí ọ̀nà níbẹ̀ ni wọ́n sin àwọn ìka náà sí. Títí bàbá fi kú, bó bá ń kọjá, á dúró kí ìka rẹ̀, á bèèrè bí wọ́n ṣe sùn.

Ọdún kan wá dé tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà ní àwọn ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ ń jẹ́ nọ́ńbà, kí ló dé tí tàwọn ò ní jẹ́? Wọ́n ní gbogbo ọ̀nà kékeré tó so ìlú mọ́ ìlú gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀ àti pátákó aláwọ̀ ewé tí wọ́n kọ nọ́ńbà náà sí gàdàgbà. Ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Fáṣèyí ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ń rọbí, ó gbé e lọ sí ọsibítù, ó sì ṣìnà ní oríta kan tí kò ní àmì, inú ọkọ̀ ni ìyàwó bímọ sí. Ìyá yè, ọmọ yè, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni Fáṣèyí ti pinnu pé arìnrìn-àjò kankan ò gbọdọ̀ dúró ní oríta kó máa wọ̀tún wòsì mọ́.

Ó wá sí Gbéleyí, ó tẹ́ máàpù sórí tábìlì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ baálẹ̀, ó sì là á yé wọn. Ọ̀nà tó bá ti àríwá lọ sí gúúsù, nọ́ńbà tí kò ṣeé pín sí méjì ni yóò máa jẹ́. Èyí tó bá ti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn, nọ́ńbà tó ṣeé pín sí méjì ni tirẹ̀. Ẹ̀ka ọ̀nà yóò jẹ́ nọ́ńbà ìyá rẹ̀, wọn á kàn fi òmíràn ṣáájú rẹ̀, bí ọmọ ṣe ń jẹ́ orúkọ bàbá. Gbogbo abúlé pàtẹ́wọ́, wọ́n ní ìjọba gbọ́n. Baálẹ̀ wá ní kó sọ nọ́ńbà tiwọn.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà Gbéleyí kọjú sí ìlà-oòrùn, ó rí òkè, ó yà sí àríwá. Ó lọ díẹ̀, ó tún ṣẹ́rí padà sí gúúsù bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé, kó tó wá gba ẹ̀yìn wọ Ìsàgbà. Fáṣèyí yí máàpù, ó tún un yí, nígbà tó yá ó ń yí orí ara rẹ̀. Baálẹ̀ bèèrè bóyá kí wọ́n fún un ní nọ́ńbà méjì. Ẹnjiníà ní kò sí nínú òfin. Ó bèèrè bóyá kó jẹ́ ẹ̀ka ọ̀nà Ọ̀tẹ̀rẹ̀. Ẹnjiníà ní ẹ̀ka ọ̀nà kì í bá ìyá rẹ̀ dé ibì kan náà. Òógùn bò ó. Níkẹyìn ó ká máàpù rẹ̀, ó ní bó ti wà yìí, ọjà kan, nọ́ńbà kan ló dára jù. Ọ̀nà Ọ̀tẹ̀rẹ̀ yóò máa jẹ́ 47. Ti Gbéleyí kò ní jẹ́ nǹkan kan, kò sì ní sí nínú máàpù tuntun.

Àyọ̀ká ló dìde.

"Ẹnjiníà," ó ní, "bí ọ̀nà wa ò bá sí, níbo ni ìka bàbá mi lọ?"

Fáṣèyí kí baálẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Kò pẹ́ ni wọ́n gbé pátákó dé oríta. Wọ́n kọ 47 sí i gàdàgbà, wọ́n sì kọ gbólóhùn kan sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ má baà rú ẹnikẹ́ni lójú: ONA KAN LO WO OJA. Ẹni tó kọ ọ́ kò fi àmì ohùn sí i, ó ní ọ̀dà ti ń tán. Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọ ọjà. Ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Gbéleyí, wọn ò tilẹ̀ ri igi.

Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí ènìyàn ṣe rí. Ohun tí wọ́n bá kọ sára pátákó ìjọba, òótọ́ ni lójú àlejò. Ọkọ̀ àlejò ò yà sí Gbéleyí mọ́. Àwọn tó ń ta ẹ̀pà àti àgbàdo létí ọ̀nà jókòó títí, wọ́n ń tà á fún ara wọn. Nọ́ọ̀sì tó ń wá gún àwọn ọmọdé Gbéleyí ní abẹ́rẹ́ àjẹsára dé oríta, ó ka pátákó, ó tẹ̀lé 47. Báyìí ni wọ́n ṣe gún àwọn ọmọ Ọ̀tẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tí ti Gbéleyí ò rí ẹyọ kan. Àwọn àna tó ń bọ̀ wá tọrọ ìyàwó ní Gbéleyí náà tẹ̀lé 47 pẹ̀lú iṣu àti oyin. Àwọn ará Ọ̀tẹ̀rẹ̀ ò bèèrè ẹni tí wọ́n ń wá, wọ́n kí wọn káàbọ̀, wọ́n gbẹ́rù, ó sì ku díẹ̀ kí wọ́n fa ọmọ ọlọ́mọ lé wọn lọ́wọ́.

Ìyàwó tó ń retí ọkọ nílé, ọmọ ẹ̀gbọ́n Àyọ̀ká ni. Ó sunkún tó bẹ́ẹ̀ tí ojú rẹ̀ wú. Àyọ̀ká wò ó. Ó mú ọ̀bẹ ìdáná, ó wakọ̀ lọ sí oríta.

Ọ̀sán gangan ni, gbogbo àwọn ọlọ́kadà ń wò ó. Ó gun ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀, ó fi ọ̀bẹ ha lẹ́tà kan ṣoṣo, L inú LO, kúrò lára pátákó náà, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì kà á sókè: ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Àwọn ọlọ́kadà rẹ́rìn-ín títí ọ̀kan fi ṣubú lórí alùpùpù tó dúró.

Inú bí àwọn ará Ọ̀tẹ̀rẹ̀, wọ́n ní ọ̀nà tàwọn ni wọ́n ń sọ pé kò wọ ọjà. Wọ́n ránṣẹ́ sí Fáṣèyí. Akọpátákó wá, ó tún lẹ́tà náà kọ. Àyọ̀ká tún ha á. Wọ́n kọ ọ́, ó ha á, wọ́n kọ ọ́, ó ha á, títí ojú ibẹ̀ fi jin wọnú. Níkẹyìn ẹnjiníà wá fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ọlọ́pàá kan. Ọlọ́pàá bi Àyọ̀ká léèrè ohun tó kọ sára pátákó ìjọba. Ó ní òun ò kọ nǹkan kan, òun yọ ni. Ọlọ́pàá bi í pé kí ló yọ. Ó ní lẹ́tà kan ni, bí ìjọba bá fẹ́ ẹ padà, àwọn èérún rẹ̀ wà nílẹ̀ níbẹ̀. Ọlọ́pàá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín.

Fáṣèyí ò rẹ́rìn-ín. Ó rọra jókòó sí etí ọ̀nà, ó sì ròyìn fún Àyọ̀ká bí ìyàwó rẹ̀ ṣe bímọ sínú ọkọ̀. Àyọ̀ká gbọ́ ọ títí dé òpin. Àánú rẹ̀ ṣe é ní tòótọ́.

"Ọ̀rọ̀ yín dùn mí," ó ní. "Ṣùgbọ́n àìsí àmì ló mú yín ṣìnà. Ẹ wá ń fi àmì mú tiwa ṣìnà."

Nígbà tí ẹnjiníà dìde, ó ní kọmíṣọ́nà tó ń rí sí ọ̀nà ń bọ̀ wá ṣí ọ̀nà 47 lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, gbogbo ọkọ̀ pátá ló sì gbọ́dọ̀ gba ibẹ̀. Ó ní bí òun bá bá lẹ́tà kan dín lára pátákó lọ́jọ́ náà, òun fúnra òun lòun máa mú Àyọ̀ká lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

Ọjọ́ ọjà pé. Gbogbo ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìsàgbà ló tẹ̀lé 47, ọkọ̀ iṣu, ọkọ̀ ewúrẹ́, ọkọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ fun fèrè fún kọmíṣọ́nà. Iwájú gbogbo wọn ni lọ́rì kan tó ru pátákó ràbàtà tí wọ́n fẹ́ rì sí àárín ọjà. Nígbà tí wọ́n dé afárá, àwọn ará Ọ̀tẹ̀rẹ̀ sọ fún awakọ̀ pé pátákó náà fẹ̀ ju afárá lọ. Awakọ̀ ní ẹrù ìjọba kì í padà sẹ́yìn. Ó tẹná, ó wọlé, pátákó sì há gádígádí sáàárín ògiri afárá méjèèjì. Kò lọ, kò bọ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń fun fèrè ọkọ̀, ewúrẹ́ ń fò bọ́ sílẹ̀, ọ̀kan sì ki orí bọ ojú fèrèsé ọkọ̀ kọmíṣọ́nà, ó jẹ ìwé tó fẹ́ kà fún àwọn ará ìlú, kò ṣẹ́ku àkọlé.

Kọmíṣọ́nà bọ́ sílẹ̀ nínú oòrùn, ó bèèrè ọ̀nà mìíràn lọ́wọ́ Fáṣèyí. Fáṣèyí wo ilẹ̀.

"Kò sí, sà. Ọ̀nà kan ló wọ ọjà."

Ọkọ̀ ti dí ẹ̀yìn wọn pa. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn padà dé oríta, kọmíṣọ́nà gbé bàtà rẹ̀ lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí ọkọ̀ Àyọ̀ká, tó kún fún tòmátì, tí ó fẹ́ yà sí Gbéleyí bí ẹni pé wọn ò pa àṣẹ kankan. Baálẹ̀ jókòó síwájú pẹ̀lú rẹ̀. Kọmíṣọ́nà ní kí baálẹ̀ jọ̀wọ́ dìde fún òun. Baálẹ̀ ní orúnkún ń dun òun. Ẹ̀yìn ọkọ̀, láàárín tòmátì, ni kọmíṣọ́nà gùn nínú agbádá funfun, Fáṣèyí sì gùn tẹ̀lé e.

Àyọ̀ká ò ṣáná sọ́kọ̀.

"N kò lè gbé ìjọba gba ọ̀nà tí ìjọba ní kò sí," ó ní. "Ẹnjiníà, ẹ wí fún mi. Ṣé ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọ ọjà?"

Fáṣèyí wo kọmíṣọ́nà. Ó wo pátákó, níbi tí lẹ́tà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ti ń dán. Lẹ́yìn náà ó fọkàn balẹ̀, bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀.

"Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, Ìyá."

"N ò gbọ́."

Ó pariwo ọ̀rọ̀ náà. Àwọn ọlọ́kadà gbè é, àwọn tó fi ọkọ̀ wọn sílẹ̀ lórí 47 náà gbè é. Nígbà náà ni Àyọ̀ká ṣáná sọ́kọ̀.

Wọ́n dé Ìsàgbà láì pẹ́. Nígbà tí kọmíṣọ́nà sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú tòmátì lára agbádá, àwọn ènìyàn rò pé ẹ̀jẹ̀ ni, ìdajì ọjà sì sá. Wọ́n bẹ̀ wọ́n padà. Ọba jókòó, gbogbo ìlú ń retí ọ̀rọ̀. Kọmíṣọ́nà wá ìwé rẹ̀ nínú àpò, ó rántí ewúrẹ́. Kò sí nǹkan kan nínú orí rẹ̀ mọ́ àyàfi ohun tí wọ́n ti ń ké sí i létí láti oríta. Ó la ẹnu, ó ní: "Ọ̀nà kan ò wọ ọjà."

Ariwo ayọ̀ sọ. Wọ́n ní láti ìgbà tí àwọn ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ìjọba, èyí ni àkọ́kọ́ tó ní ìtumọ̀. Àwọn oníṣòwò tó ti ọ̀nà jíjìn wá gbé e lọ sílé, olúkúlùkù sí ìlú tirẹ̀, bí ó ṣe dé ọ̀dọ̀ yín nìyẹn.

Fáṣèyí sì fún ọ̀nà Gbéleyí ní 48. Nígbà tí wọ́n bi í pé ṣé ìlà-oòrùn ló lọ, ó ní ọ̀nà tó lè tẹ̀ fún òkè, òfin náà lè tẹ̀ fún un. Nọ́ọ̀sì rọ́nà dé, àwọn àna náà rọ́nà dé.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé pátákó síwájú yín, tó ní ibi tí òun tọ́ka sí nìkan ni ẹ lè gbà dé ibi tí ẹ ń lọ, ẹ má bá a jà, ẹ má sì padà sílé. Ẹ wò ó lójú, kí ẹ wí fún un sókè kó gbọ́: ọ̀nà kan ò wọ ọjà.