Báàfù Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbọdọ̀ Dárúkọ

Kóńkólo! Kóńkólo! Kóńkólo!

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Gbogbo ará Àgbọ̀nyìn, tonílé tàlejò, tọkùnrin tobìnrin, ẹ fetí sílẹ̀! Ẹni tó ń gúnyán, kó gbé ọmọ odó sílẹ̀! Ẹni tó ń jà, kó dá ìjà dúró, kó máa bá a lọ bí mo bá ti kọjá! Èmi Àlàdé alágogo ni. Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni mo ń jẹ́. Ẹ má fi ojú burúkú wò mí.

Ìgbìmọ̀ Àgbà ìjọ Òkè-Ìmọ́lẹ̀ ló rán mi. Wọ́n ní láti òní lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá. Ẹnikẹ́ni! Kò gbọdọ̀! Ẹ má sọ ọ́ lọ́jà! Ẹ má sọ ọ́ lóko! Ẹ má sọ ọ́ létí odò!

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ mí. Èmi kì í kéde ìdajì. Bí a bá ní kí ènìyàn má sọ nǹkan, ó yẹ kó mọ nǹkan ọ̀hún dájú, kó má baà ṣèèṣì sọ ọ́. Nítorí náà, màá kà á sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, kí ẹnì kan má wá sọ lọ́la pé òun kò mọ ohun tó yẹ kí òun gbàgbé.

Èkíní! Ẹ kò gbọdọ̀ sọ pé Alàgbà Jeremáyà Olúgbọ̀dé, alága ìgbìmọ̀, ló gbé òfin ìwọ̀ntúnwọ̀nsì kalẹ̀ lóṣù tó kọjá, tí èmi fúnra mi sì lu agogo rẹ̀ yí ìlú ká. Ẹ gbàgbé pé òfin ní gèlè kò gbọdọ̀ ga ju ìwé orin mẹ́ta tí a tò léra lọ. Ẹ gbàgbé pé wọ́n ń fi ìwé orin wọn orí àwọn obìnrin lẹ́nu ọ̀nà, títí ìsìn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Àtíkè, kò sí! Tìróò, kò sí! Wíìgì, kò sí! Lọ́fíńdà, àfi èyí tí òórùn rẹ̀ kò bá kọjá imú ẹni tó fi í sára! Ní ti àwọn ọkùnrin, òfin ní kí wọ́n ṣí fìlà. Ó tán.

Ẹ gbàgbé ìjìyà rẹ̀ náà. Ẹni tó bá rú u yóò jókòó ti jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí kò ti ní gbọ́ ìwàásù. Bẹ́ẹ̀ ni kò ní rí ẹran nínú ìrẹsì ọjọ́ Ìkórè. Ẹ má sọ pé àwọn ọ̀dọ́ kan lé tìróò sójú lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, torí pé ìdí jẹnẹrétọ̀ wù wọ́n ju ìwàásù lọ.

Ẹ gbọ́ o! Èkejì! Ẹ kò gbọdọ̀ dárúkọ báàfù. Báàfù wo? Báàfù aláwọ̀ ewé tí wọ́n pọn omi ọṣẹ kún, tí wọ́n fi kànrìnkàn tuntun sí, tí wọ́n gbé sẹ́nu ọ̀nà ilé Ọlọ́run! Alàgbà ní àwọn obìnrin gbọ́n jù, àtíkè wọn ti ń jọ awọ ara. Wọ́n ní kí olúkúlùkù fọ ojú rẹ̀ kó tó wọlé. Ọ̀ṣọ́ yòówù tó bá wà lójú, kó kúrò! Èyí tí kò bá kúrò, kí ẹni tó ni ojú gbé ojú rẹ̀ padà sílé!

Ẹ̀kẹta.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi agogo sábẹ́ apá díẹ̀. Ìyá mi ni ọ̀rọ̀ yìí kàn.

Ẹ mọ ìyá mi, Rẹ̀bẹ́kà Àbẹ̀kẹ́. Ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Pélé mẹ́ta lẹ́rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, mẹ́ta lẹ́rẹ̀kẹ́ òsì. Àga iwájú tó wà létí fèrèsé ni ibi ìjókòó wọn láti ìgbà tí ṣọ́ọ̀ṣì kò tíì ní àjà. Ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta nìyí, oúnjẹ Olúwa kò fò wọ́n rí. Lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ síbi báàfù, wọ́n fi kànrìnkàn bojú. Pélé kò kúrò. Wọ́n tún un ṣe. Pélé kò kúrò! Ẹni tó dúró ti báàfù wo inú ìwé òfin. Ó ní tó bá jẹ́ àbàjà ni, ilà ìdílé ni, kí wọ́n wọlé. Tó bá jẹ́ gọ̀ǹbọ́ ni, ilà ìdílé ni, kí wọ́n wọlé. Ó wá bi wọ́n léèrè kí ni wọ́n fi pélé ṣe. Ìyá mi kì í purọ́. Wọ́n ní bàbá àwọn ló ní kí wọ́n kọ ọ́, kí àwọn lè lẹ́wà.

Ẹwà! Ó ti bọ́ sínú òfin! Wọ́n dá ìyá mi padà pẹ̀lú omi ọṣẹ lójú.

Inú bí mi. Mo sọ ọ́ níwájú gbogbo yín, inú bí mi. Agogo ọwọ́ mi yìí, òun ni mo fi kéde òfin tó lé ìyá mi kúrò nídìí tábìlì Olúwa. Nígbà tí wọ́n délé, wọ́n bi mí bóyá Olúwa kò ní dá ojú àwọn mọ̀ mọ́. Wọ́n ní bí wọ́n bá tún dá àwọn padà, ó di ọjọ́ tí wọ́n bá gbé àwọn lọ síbẹ̀ kí àwọn tó tún wọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ̀kẹrin! Èyí gan-an ni ẹ kò gbọdọ̀ sọ! Bí àwọn èrò ti ń kùn nítorí ìyá mi, Alàgbà jáde. Wọ́n ní òfin kò mọ ojú ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní àwọn yóò fi ara àwọn ṣe àpẹẹrẹ. Wọ́n ká ọwọ́ agbádá funfun sókè, wọ́n ki orí bọ báàfù, wọ́n fi kànrìnkàn gbo ojú, wọ́n gbo irùngbọ̀n.

Ẹ rántí irùngbọ̀n Alàgbà. Rárá, ẹ má rántí rẹ̀! Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, irùngbọ̀n dúdú kirikiri! Ọdọọdún ni wọ́n ń jẹ́rìí níwájú ìjọ pé ààwẹ̀ ni kò jẹ́ kó funfun. Ó dára. Omi báàfù di dúdú. Agbádá di dúdú. Irùngbọ̀n di funfun bí òwú! Òróró àti dúdú ìdí ìkòkò ni! Ìyàwó wọn tó di táwẹ̀lì mú fi táwẹ̀lì náà bo ojú ara rẹ̀. Gbogbo wa ló wá mọ ìdí tí kò fi sí ìkòkò tó mọ́ bí tilé Alàgbà ní Àgbọ̀nyìn. Akọrin fẹ́ fi orin bò ó, ẹ̀rín gbé orin mì.

Ẹ gbọ́ o! Ìkarùn-ún! Ẹ kò gbọdọ̀ sọ pé Alàgbà wá sílé wa lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ní ọ̀sán gangan, pẹ̀lú irùngbọ̀n funfun, láìfi nǹkan bò ó. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún ìyá mi. Wọ́n ní ẹ̀rù ló ń ba àwọn, pé bí ìjọ bá rí i pé àwọn ti dàgbà, wọ́n á ní kí àwọn lọ sinmi. Ìyá mi gbé wọn dìde. Ìyá mi ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Wọ́n ní Alàgbà wá jọ bàbá wọn gẹ́lẹ́, ọkùnrin tó fi orí ru òkúta ìpìlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Alàgbà sunkún. Èmi náà sunkún, ẹ má sọ ìyẹn náà.

Ìkẹfà! Òfin báàfù ti kú! Báàfù wà nílé wa báyìí, ẹ̀wà ni ìyá mi fi ń ṣà. Ẹnikẹ́ni tí a bá gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ pé òun rántí, òun ni yóò fọ ìdí gbogbo ìkòkò ọjọ́ Ìkórè, títí wọn yóò fi funfun bí irùngbọ̀n… Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Kì í ṣe èmi!

Ìkeje kò sí nínú ìwé. Tèmi ni. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, kí ẹnikẹ́ni má jókòó sórí àga etí fèrèsé. Ẹni tó ni ín ń bọ̀. Wọ́n ti yọ gèlè jáde láti àárọ̀, wọ́n ti wé e wò. Mo fi ìwé orin wọ̀n ọ́n. Márùn-ún ni! Ẹni tó bá jókòó lẹ́yìn wọn kò ní rí pẹpẹ.

Mo ti jẹ́ iṣẹ́ mi, ó kúrò lọ́rùn mi, ó di tiyín. Èmi kò sọ nǹkan kan. Ẹ̀yin kò gbọ́ nǹkan kan. Kóńkólo! Kóńkólo!

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé! Alàgbà ní àwọn ni yóò jókòó lẹ́yìn wọn.