Àṣẹ Ọgbẹ́ Ìlú Ìdí-Ìyeyè, àti Ejò Onírun Tó Gé Baálẹ̀ Lọ́wọ́

Kóó! Kóó! Kóó!

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Ìdí-Ìyeyè, ẹ gbọ́ o! Ará Ìsàlẹ̀-Odò, ẹ gbọ́! Ará Òkè-Àpáta, ẹ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ kí ẹ lè gbọ́! Ẹni tó ń yan gàárì, kó fa igi yọ lábẹ́ agbada. Ẹni tó ń bá ìyàwó rẹ̀ jà, kó dúró ná. Ìjà náà ò ní sá lọ. Ẹni tó di etí, kí ará ilé rẹ̀ fọwọ́ júwe fún un. Ìwọ ewúrẹ́ tó wà lórí òrùlé Bàbá Káfíńtà, ìwọ náà gbọ́ o, nítorí nígbà tó kọjá, o ṣe bí ẹni pé o ò gbọ́.

Baálẹ̀ Oyèéyẹmí ló rán akéde. Àwọn ìjòyè ló jókòó. Ọ̀rọ̀ ọgbẹ́ ni! Ọ̀rọ̀ ọgbẹ́ ni o! Láti òní lọ, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fara gbọgbẹ́ bó ṣe wù ú mọ́ ní ìlú yìí. Ọgbẹ́ ti bọ́ sábẹ́ òfin.

Ìdí rẹ̀ rèé. Láàárọ̀ yìí, ejò gé Baálẹ̀ lọ́wọ́. Ejò ni wọ́n ní kí akéde pè é, ejò náà ni akéde ń pè é. Ẹ má bi í ní nǹkan kan. Ejò náà rí roboto. Ó ní irun lórí. Èèpo rẹ̀ le koko, omi dídùn sì wà nínú rẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ Baálẹ̀ ló wà nígbà tí Baálẹ̀ gbé àdá sókè. Àdá yọ̀ lára ejò, ó kọjá lọ bá ẹran ara.

Àwọn àna Baálẹ̀ láti Ọ̀dán jókòó, wọ́n ń wò ó. Nítorí tiwọn náà ni. Wọ́n ti fẹ́ la ejò wọn mọ́ òkúta ní tiwọn, Baálẹ̀ bá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Òkúta kẹ̀? Iṣẹ́ ọ̀lẹ nìyẹn. Ọwọ́ ni ọkùnrin ń gbé e lé." Ó gbé e lé ọwọ́. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí gbogbo ilé ń sáré kiri, àwọn àna ṣa ejò náà nílẹ̀, wọ́n fi mu gàárì.

Ẹ̀yin ará ìlú, ẹ mọ̀ pé ọwọ́ òsì ni Baálẹ̀ fi ń lo àdá. Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Nítorí náà, ọwọ́ ọ̀tún ló gbọgbẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún o! Ọwọ́ tó fi ń jẹun, tó fi ń gba àlejò, tó fi ń súre fún wa. Ìka ìfábẹ̀là rẹ̀ ò sì fẹ́ tẹ̀ mọ́. Bí ọwọ́ yẹn bá kú, ọwọ́ òsì ni yóò kù tí Baálẹ̀ yóò máa nà sí orí àwọn ọmọ wa tí yóò máa ní, "Ẹ ó dàgbà." Ta ló fẹ́ ire ọwọ́ òsì? Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ kò fẹ́ ẹ. Ní kékeré, ìgbàkígbà tó bá fi ọwọ́ yẹn gba ẹ̀kọ lọ́wọ́ àgbà, ìdí ìgbákọ ni bàbá rẹ̀ fi ń gbá a lórí egungun ọwọ́. Igi ayan ni wọ́n fi gbẹ́ ìgbákọ náà, ó ní kókó kan létí. Baálẹ̀ ti di àgbà, bàbá rẹ̀ ti di ará ọ̀run, ṣùgbọ́n títí dòní, bí ó bá ń rántí, kókó yẹn ló ń rántí.

Ẹ sì mọ àṣà wa. Bí ènìyàn bá fara gbọgbẹ́ ní Ìdí-Ìyeyè, gbogbo agbo ilé ní láti wá kí i. A kì í lọ kí i lọ́wọ́ òfo. Oògùn là ń mú dání. Ẹni tó gbọgbẹ́ kì í sì í kọ oògùn àgbà. Bó bá kọ ọ́, ó ti bú bàbá onítọ̀hún.

Ọ̀tún ló kọ́kọ́ dé, tòun ti ìgò kẹrosíìnì. Ó ní, "Baálẹ̀, ẹ kú ewu. Ẹ jẹ́ ká fún un lómi mu." Baálẹ̀ fò sókè, fìlà rẹ̀ kan àjà. Balógun dé, ẹni tó ti wa ọkọ̀ akẹ́rù rí, ó gbé ọ́ìlì ọkọ̀ dúdú dání. Ó ní, "Ohun tó ń mú ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́, ṣé ó wá lè pa ọmọ ènìyàn ni?" Ìyálóde mú ọṣẹ ìfọyín, ó ní èyí tó ń tani lẹ́nu ló dára jù. Ará Òkè-Àpáta mú òwú aláǹtakùn wá, wọ́n mú aláǹtakùn náà pẹ̀lú, kó má baà tán. Gbogbo rẹ̀ ni Baálẹ̀ gbà. Gbogbo rẹ̀ ló dúpẹ́ lé lórí. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, ọwọ́ rẹ̀ ti dà bí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Ẹ̀jẹ̀ ṣì ń ṣàn.

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntọlá ló dé gbẹ̀yìn, láti ilé ìlera tó kọjú sí ààfin. Omi tó mọ́ àti ọṣẹ ló mú wá. Ó fọ kẹrosíìnì lọ, ó fọ ọ́ìlì lọ, aláǹtakùn bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó fi aṣọ funfun tẹ ojú ọgbẹ́ mọ́lẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ pẹ́. Ó ṣí i wò. Ó ní, "Bàbá, ẹnu ọgbẹ́ yìí ò lè pàdé fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká rán an nísinsìnyí. Bó bá pẹ́ jù, kòkòrò á ti wọlé tì í, rírán á sì le. Ìka yẹn gan-an ló ń kọ mí lóminú."

Baálẹ̀ ní, "Kí lẹ fi ń rán an?"

Ó ní, "Abẹ́rẹ́ ni, Bàbá."

Akéde wà níbẹ̀. Baálẹ̀ wo abẹ́rẹ́ náà bí ẹni rí ejò tòótọ́. Ó gbé ọwọ́ sí àyà. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ yìí ju ti ẹnì kan lọ. Ẹ pe ìgbìmọ̀."

Ẹ mọ̀ pé èèwọ̀ ni ní ìlú yìí kí ẹnikẹ́ni sọ pé ẹ̀rù ń ba Baálẹ̀. Àwọn ìjòyè ò lè sọ ọ́. Nítorí náà, wọ́n ṣe òfin. Ẹ gbọ́ òfin o!

Àṣẹ kìíní! A kò gbọ́dọ̀ rán ọgbẹ́ kankan ní Ìdí-Ìyeyè bí ìgbìmọ̀ kò bá tíì jókòó wò ó. Ọjọ́ ọjà ni ìgbìmọ̀ ń jókòó. Ẹ̀jẹ̀ tí kò bá lè dúró de ọjọ́ ọjà, aláìgbọràn ẹ̀jẹ̀ ni! Àkùkọ kan ni ìtanràn rẹ̀. Kóó! Kóó! Kóó!

Àṣẹ kejì! Ọgbẹ́ tí kò bá gùn tó àtàǹpàkò Balógun, kì í ṣe ọgbẹ́. Ẹni tó bá gé ara rẹ̀, kó wá sí ààfin wá wọ̀n ọ́n. Bí Balógun bá fẹ́ rìnrìn àjò, kó fi àtàǹpàkò sílẹ̀ nílé. Balógun ti gbà. Bí yóò ṣe ṣe é, akéde ò mọ̀. Wọ́n wọn ti Baálẹ̀, ó gùn ju àtàǹpàkò lọ. Wọ́n ní kí Balógun bọ́ bàtà, wọ́n fi ti ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ó ṣì gùn jù ú lọ. Ìgbìmọ̀ fikùn lukùn, wọ́n ní ìwọ̀n kò kan ẹni tó dé fìlà ìlẹ̀kẹ̀. Kóó! Kóó! Kóó!

Àṣẹ kẹta! Oògùn gbọ́dọ̀ máa tẹ̀lé ipò. Kẹrosíìnì Ọ̀tún ni yóò ṣáájú. Ọ́ìlì Balógun ni yóò tẹ̀ lé e. Ẹnikẹ́ni tó bá fi ọṣẹ ìfọyín Ìyálóde ṣáájú ọ́ìlì ti rí Balógun fín. Yóò fi ọ́ìlì náà fọ eyín lójú gbogbo ìgbìmọ̀. Kóó! Kóó! Kóó!

Àṣẹ kẹrin! Ọgbẹ́ tí ejò onírun bá dá síni lára, ìṣẹ̀lẹ̀ lásán ni. Ẹni tó bá dárúkọ àgbọn níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò san ewúrẹ́ kan. Akéde kò dárúkọ àgbọn o. Òfin ló dárúkọ rẹ̀. Kóó! Kóó! Kóó!

Ó parí. Mẹ́rin ni wọ́n fún akéde.

Ẹ dúró! Ẹ dúró ná! Fèrèsé ààfin ti ṣí. Olorì Ìbídùn, ìyàwó àgbà Baálẹ̀, ló yọrí yẹn. Aṣọ funfun wà lọ́wọ́ rẹ̀, aṣọ náà ti pọ́n. Ó ní, "Akínlabí, o gbàgbé àṣẹ karùn-ún."

Akéde ní, "Ìyá, mẹ́rin ni wọ́n kà fún mi."

Ó ní, "Ṣé ìwọ náà wà lára ìgbìmọ̀ ni? Máa gbọ́, kí o sì máa kéde rẹ̀ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ọwọ́ tó fi súre fún gbogbo ọmọ tí mo bí ló ń wú níbí yìí o."

Akéde wo ojú rẹ̀. Akéde wo aṣọ náà. Ẹ gbọ́ àṣẹ karùn-ún o! Ẹ gbọ́ ọ dáadáa!

Ẹni tó bá gé ara rẹ̀, kó fi omi tó mọ́ àti ọṣẹ fọ ọ́. Kó fi aṣọ tó mọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gírígírí, títí ènìyàn yóò fi rọra rìn láti ibí dé odò kó sì padà. Kó má máa ṣí i wò! Ọgbẹ́ kì í ṣe ọbẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dá, tí ẹnu ọgbẹ́ pàdé, tí kò jìn, kó dì í, kó jókòó sílé rẹ̀. Kó má lọ yọ nọ́ọ̀sì lẹ́nu bíi ti Láoyè, tó gbé ibi tí ẹ̀gún ti ha á lọ síbẹ̀ lórí ọ̀kadà.

Ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ bá kọ̀ tí kò dá, ilé ìlera! Bí ẹnu ọgbẹ́ bá là sílẹ̀ bí ẹnu ẹja tó wà lórí ilẹ̀, ilé ìlera! Bí ìka bá kọ̀ tí kò tẹ̀, tàbí tí ara ibẹ̀ kú, ẹ sáré! Bó bá jẹ́ ojú ni, ẹ sáré! Bó bá jẹ́ irin tó dípẹtà, tàbí eyín ajá, ẹ lọ bó tilẹ̀ kéré, nítorí abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Ọgbẹ́ tí ẹ tọ́jú nílé, bó bá wú, tó ń gbóná, tó ń ṣọyún, ó ti fi ilé sílẹ̀ nìyẹn, ẹ bá a lọ. Kẹrosíìnì, inú fìtílà ni kó wà. Ọ́ìlì, inú ọkọ̀.

Ìjìyà! Ẹni tí ẹnu ọgbẹ́ rẹ̀ bá là, tó kọ̀ tí kò lọ, ìbáà dé fìlà ìlẹ̀kẹ̀, àwọn ìyàwó ilé yóò fi ọ̀já pọ̀n ọ́n gba àárín ọjà kọjá. Wọn yóò máa kọrin ìrẹ̀mọ́lẹ́kún fún un.

Kóó! Kóó! Kóó!

Ó ti dún o. Ọ̀rọ̀ tí agogo bá dún lé lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní ìlú yìí, ẹni tó rán akéde pàápàá kò lè gbé e mì. Ẹ rántí Baálẹ̀ tó kú, tó ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fẹ̀yìn lélẹ̀ lọ́sàn-án. Ìdúró ló fi ń tòògbé títí ó fi re ibi àgbà ń rè.

Baálẹ̀ ti gbọ́. Ẹ ń gbọ́ ohùn rẹ̀? Ó ní, "Ta ló fi karùn-ún síbẹ̀?" Ohùn Olorì nìyẹn: "Baálẹ̀ mi, agogo ti dún." Ẹ wo ẹnu ọ̀nà ọjà! Àwọn ìyàwó ilé ti ń bọ̀. Gbogbo wọn ló mú ọ̀já. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ orin: "Dákẹ́, ọkọ mi, ẹran ń bẹ níṣasùn." Ìyálóde gan-an ló ń lé e!

Ilẹ̀kùn ààfin ti ṣí! Baálẹ̀ ti jáde. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi ń rìn. Ó ní, "Ẹ ká ọ̀já yín! Kò sẹ́ni tó ń pọ̀n mí. Ilé ìlera ni mò ń lọ bẹ̀ wò. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ mọ bí àjà rẹ̀ ṣe rí."

Ẹ rọra o. Ẹ má ti akéde. Ojú fèrèsé ilé ìlera ló dúró sí yìí. Baálẹ̀ ti dùbúlẹ̀, ó ń wo àjà. Ọwọ́ òsì rẹ̀ wà lọ́wọ́ Olorì. Ó ní, "Ó ti tán?" Nọ́ọ̀sì ní, "Mi ò tíì fọwọ́ mi, Bàbá." Ó ti fọwọ́ báyìí. Ó ní, "Kí n tó gún yín lábẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kéèyàn mọ ìrora, ẹ bá mi tẹ ìka yẹn." Ẹ dákẹ́! Ẹ dákẹ́ ná! Baálẹ̀ ti di ojú. Ìka ò mira. Ó mira! Ó tẹ̀ díẹ̀, bí àgbàlagbà tó ń wá ìdúró láti kúnlẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní, "Iṣan ò já. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin Bàbá, ká ní ẹ dúró de ọjọ́ ọjà yín ni..." Olorì fi etí aṣọ nu ojú.

Kí ẹ tó bi akéde: bẹ́ẹ̀ ni, abẹ́rẹ́ wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni, ohùn kan jáde. Ewúrẹ́ orí òrùlé Bàbá Káfíńtà gbọ́ ọ, ó bọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ó tán! Wọ́n ti rán an. Baálẹ̀ ti jáde, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ funfun nínú báńdéèjì. Àwọn ọmọ kúnlẹ̀ lójú ọ̀nà. Ọwọ́ òsì rẹ̀ kọ́kọ́ sún. Ó fà á padà. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó nà án sórí wọn. Ó ní, "Ẹ ó dàgbà." Wọ́n ní, "Àmín." Àwọn àna Ọ̀dán náà ní, "Àmín," gàárì ṣì wà lẹ́nu wọn.

Ohun tí wọ́n rán akéde nìyí, ohun tó sì jẹ́ nìyí. Ẹni tó wà nílé, kó sọ fún ẹni tó wà lóko. Ẹni tó wà lóko, kó rọra gbé àdá. Ó ku ọ̀kan. Baálẹ̀ ti pe akéde sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sọ àṣẹ kẹfà sí i létí: kí gbogbo ìlú mọ̀, pàápàá àwọn àna, pé òun kò ké.

Akéde ti sọ ọ́ bí wọ́n ṣe rán an. Agogo wà ní abíyá rẹ̀. Ó ń lọ sílé.