Olúbọ̀dé, Balógun Ọfusáìdì

Ọ̀gbẹ́ni Olúbọ̀dé kì í jókòó bí àwa yòókù. Yóò kọ́kọ́ gbọn agbádá, yóò húkọ́, yóò wo ọ̀tún, yóò wo òsì, bóyá ẹni tó yẹ kó rí i ti rí i, kó tó wá fi ìdí kan àga. Nígbà tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ akọ̀wé kóòtù tó padà sílé ní Kabba, kò rí ohun tí yóò máa fi ṣe ọ̀gá mọ́. Ló bá ra rédíò.

Ayé Ìpínlẹ̀ Kwara nìyẹn, nígbà tí ohun rere gbogbo gbọ́dọ̀ ti Ìlọrin wá. Lọ́sàn-án Sátidé, wọ́n á máa ròyìn eré bọ́ọ̀lù lórí rédíò. Ariwo lásán ni létí Olúbọ̀dé, títí Tíṣà James, aládùúgbò rẹ̀, fi jókòó tì í tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ fún un: èyí ni wọ́n ń pè ní kọ́nà, tọ̀hún ni pẹnáríti.

"Ọfusáìdì wá ńkọ́?"

"Ẹni tó ti lọ dúró de bọ́ọ̀lù lẹ́nu góòlù ni, bàbá, kí wọ́n tó gbá a síbẹ̀ rárá. Rẹfirí á fọn fèrè mọ́ ọn."

Bí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ṣe ń yé Olúbọ̀dé ni eré náà ń dùn sí i. Àfi bí ìgbà tí wọ́n ṣán igbó tó bo ojú ọ̀nà: ó wá mọ ibi tí bọ́ọ̀lù ń gbà. Yóò gbé rédíò lé ikùn, yóò di ojú pa, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa ta fìrì lórí ẹní. Ká ní ibẹ̀ ló dúró sí ni, ayọ̀ náà ì bá tó o.

Ṣùgbọ́n kí ni Olúbọ̀dé fẹ́ fi ohun tí kò lè fi gba nǹkan ṣe? Lálẹ́ ọjọ́ kan, Tíṣà James nawọ́ sí ẹran ìgbẹ́ tí Rhoda, ìyàwó Olúbọ̀dé, gbé ka iwájú wọn. Olúbọ̀dé súfèé.

"Ọfusáìdì! Tíṣà, o ti lọ dúró de ẹran!"

Ló bá mú ẹran náà, ó jẹ ẹ́.

"Bàbá Morónkẹ́, mo ṣe bí bọ́ọ̀lù lẹ ń kọ́," ni Rhoda wí.

"Kò síbi tí bọ́ọ̀lù kò dé, Rhoda."

Láìpẹ́, àwọn èèyàn ń pè é ní Balógun Ọfusáìdì. Yẹ̀yẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Òun gbà á lóyè. Tíṣà James ní kó jẹ́ kí àwọn lọ wo bọ́ọ̀lù ní pápá lẹ́ẹ̀kan.

"Nínú eruku?" Olúbọ̀dé yínmú. "Èyí tí wọ́n ń fojú wò, ti ọmọdé ni. Etí ni àwa àgbà fi ń wò ó."

Ìgbà yẹn ni ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú ń wá ẹni tí yóò kó àwọn agbábọ́ọ̀lù lọ sí ìdíje ní Ìlọrin. Olúbọ̀dé gbọ́ pé ilé àlejò ni wọn yóò sùn, pé adìyẹ ni láàárọ̀, adìyẹ ni lálẹ́. Ó sáré tọ Alàgbà Babátọ́pẹ́, alága ẹgbẹ́, lọ.

"Odò-Ẹrẹ̀ ń bọ̀ wá bá wa gbá ní Sátidé," ni Babátọ́pẹ́ wí. "Ẹ gba gbohùngbohùn, kí ẹ máa ròyìn eré náà fáwọn àlejò. Bó bá dùn, ipò náà ti di tiyín."

Nígbà tó máa di Ọjọ́bọ̀, Olúbọ̀dé ti di ẹrù Ìlọrin.

"Ẹ ò rí bọ́ọ̀lù rí o," ni Rhoda rán an létí.

"Ta ló ní kí n rí i?"

Ní Sátidé, pápá kún bámúbámú.

"Okun o, ẹ̀yin ará Odò-Ẹrẹ̀!" Báyìí ni Olúbọ̀dé ṣe kí wọn, ohùn rẹ̀ ròkè lálá. Rẹfirí fọn fèrè, eré bẹ̀rẹ̀, ahọ́n Balógun sì dákú. Èèyàn ń sá síhìn-ín, èèyàn ń sá sọ́hùn-ún, eruku ń sọ. Èwo ni kó sọ nínú rẹ̀? Ó ṣe ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó di ojú pa.

Kíá, ọ̀rọ̀ ń dà bí òjò. Kọ́nà! Fíríkíkì! Àwọn àlejò ń pàtẹ́wọ́, Babátọ́pẹ́ ń mi orí pé ó dára.

Níbi tí wọ́n ti ń ṣe é ni ọmọ Odò-Ẹrẹ̀ kan ti gbá bọ́ọ̀lù sókè. Ó fò kọjá góòlù, ó bọ́ sínú lọ́rì oníṣu kan tó ń kọjá lọ sí Òkè-Bùkún. Awakọ̀ kò mọ̀, ó ń lọ tirẹ̀. Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo náà ló sì wà. Àwọn kan gbá tẹ̀ lé lọ́rì náà, àwọn yòókù jókòó, wọ́n ń mu ọsàn. Ewúrẹ́ kan rọra wọ inú pápá.

"Kabba ló gbà á báyìí!" ni Olúbọ̀dé ń ké. "Ó kọjá ẹnìkan! Ó kọjá ẹnìkejì!"

Lóòótọ́, ewúrẹ́ náà ti kọjá ẹni méjì.

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Olúbọ̀dé rò pé ìyìn ni, ó tún gbé ohùn sókè.

"Góòòòlù!"

Babátọ́pẹ́ sún mọ́ ọn. "Ta ló gbá a wọlé?"

"Nọ́ńbà máàrún!"

"Bàbá, ọsàn ni mò ń mu o," ni nọ́ńbà máàrún dáhùn nítòsí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Olúbọ̀dé la ojú. Ewúrẹ́ náà wà lẹ́nu góòlù, ó ń jẹ koríko. Àwọn kan ti dọ̀bálẹ̀ nínú eruku, ẹ̀rín kò jẹ́ kí wọ́n lè dìde.

"Ẹ bá wa gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ Balógun," ni Babátọ́pẹ́ wí. "Tíṣà James, ẹ lọ di ẹrù yín."

Ìtìjú kì í ṣe oúnjẹ, Olúbọ̀dé sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé iyán àlejò dé abẹ́ igi, kò tíì sí àlejò kankan tó fọwọ́, òun ti wà nídìí tábìlì, ó ń fa abọ́ adìyẹ mọ́ra.

Súfèé kan dún. Rhoda ni, ó dúró ti ìkòkò ọbẹ̀, ó gbé ìpọnbẹ̀ sókè.

"Bàbá Morónkẹ́! Ọfusáìdì!"

"Ọfusáìdì!" ni gbogbo pápá gbà á, ọmọ Kabba, ọmọ Odò-Ẹrẹ̀, tàgbà tèwe. Kò sí ẹnìkan níbẹ̀ tó ní kí Tíṣà James túmọ̀ rẹ̀ fóun. Tíṣà náà kò tilẹ̀ ráyè. Itan adìyẹ ti wà lẹ́nu rẹ̀.