Ó Ná Tán, Wọ́n Nà Án

Kò sẹ́ni tó ń béèrè ẹni tí Alhaji Tàjùdíìnì jẹ́ ní àdúgbò Alajo. Kí ẹnu rẹ tó là, òun fúnra rẹ̀ á ti sọ fún ọ: irú mọ́tò tó ń gùn, iye tó rà á, àti iye tí aládùúgbò rẹ̀ ra tirẹ̀ tí kò tó nǹkan.

Fóòmù ló ń tà ní ọjà Makola, fóòmù náà sì jọ olówó rẹ̀: ó tóbi, ó rọ̀, afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Òun ni alága ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Alajo Láyọ́ǹsì. Wọ́n á máa kì í pé: Tàjù Ọ̀wààrà Sídì! Àjànàkú tí ń ra kìnnìún! Aná-bí-ẹni-tí-owó-ń-lé-kiri! Òun fúnra rẹ̀ ló ṣẹ̀dá oríkì náà. Àkíbù tó ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn polówó oògùn eku ló ń sanwó fún, pé kó máa kì í lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.

Láràárọ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa ń jí pẹ̀lú rẹ̀. Kì í béèrè bóyá àwọn ọmọ ti jẹun, kì í béèrè bóyá bọ́ọ̀lù ń jò. "Èló ni Madina ná?" ni tirẹ̀. Iyekíye tí ẹgbẹ́ Madina Sítáàsì bá ná lórí agbábọ́ọ̀lù kan, Alhaji gbọ́dọ̀ ná ìlọ́po méjì rẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

"Àwọn àgbà ló sọ ọ́," ni yóò wí. "Ẹṣin tí a rà lówó gọbọi kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹṣin ẹ̀dínwó, kódà bí àwọn méjèèjì bá ti kú."

Àgbà wo ló sọ bẹ́ẹ̀? Kò dárúkọ wọn rí.

Lọ́jọ́ kan, Mùbárákù tó jẹ́ kóòṣì ẹgbẹ́ wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó sí etí fóòmù kan.

"Alága, aṣọ́lé la nílò. Mùkáílà nìkan la ní, ojú rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ dá ṣáṣá mọ́. Ọmọ kan wà ní Nima, ẹgbẹ̀rin sídì péré ni wọ́n ń pè é."

Alhaji wò ó bí ẹni wo eṣinṣin nínú tíì. "Mùbárákù, bí aṣọ́lé bá mú bọ́ọ̀lù, ta ni wọ́n ń yìn?"

"Wọ́n á pàtẹ́wọ́ díẹ̀, Alága."

"Díẹ̀! Èmi Tàjù, kí wọ́n pàtẹ́wọ́ díẹ̀ fún mi? Atamátàsé ni kó o wá fún mi! Àti pé ẹgbẹ̀rún kan ni Madina ra aṣọ́lé tiwọn. Bí mo bá ra ti ẹgbẹ̀rin, ṣé wọn ò ní sọ pé ọjà mi ti kú?"

Báyìí ni owó aṣọ́lé Nima ṣe kéré jù fún Alhaji láti rà á.

Ohun kan náà ló lé Usamah kúrò nínú ẹgbẹ́. Alajo ni wọ́n bí Usamah sí, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń ta bí atalẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò rà á. Alhaji ní, "Ọmọ tí a kò sanwó lé lórí, báwo ni mo ṣe máa sọ iye rẹ̀ níwájú àwọn ẹgbẹ́ mi?" Ó ní kó máa lọ. Usamah wọ tròtrò, bọ́ọ̀sì akérò, ó di Madina, ibẹ̀ ni Hajia Ràbíátù ti gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, pẹ̀lú kẹ́ńkè méjì tí wọ́n fi àgbàdo ṣe àti ẹja díndín. Àdúgbò méjèèjì ló gbọ́, wọ́n sì rẹ́rìn-ín.

Hajia Ràbíátù yìí ni alága Madina Sítáàsì. Obìnrin kúkúrú ni, mílíìkì àti sàdíìnì ló ń tà nínú ọjà Madina, ohùn rẹ̀ kì í kọjá ìsọ̀ kejì. Nígbà tí wọ́n sọ àṣà Alhaji fún un, ó béèrè pé, "Ìlọ́po méjì ni ẹ pè é, àbí?"

Lọ́jọ́ kejì, fún ìgbà àkọ́kọ́, ohùn Hajia kọjá ìsọ̀ kejì. "Ẹ gbọ́ o! Faruk yẹn wù mí fún ẹgbẹ́ wa. Ẹgbẹ̀rún méjì sídì ni mo máa san!"

Atamátàsé ìgbà kan ni Faruk, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Bó bá bẹ̀rẹ̀ láti so okùn bàtà, èèyàn á gbọ́ eékún rẹ̀ láti òdìkejì títì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Hajia ti wọ tròtrò dé Alajo. Kí wọ́n tó kírun àílà, Alhaji ti san ẹgbẹ̀rún mẹ́rin. Hajia ná Faruk lẹ́nu. Alhaji ná an lápò.

Hajia tún ná òmíràn, ó tún ná òmíràn. Nínú àwọn tó ná, ọ̀kan ń ṣọ́ géètì, ọ̀kan ń gba owó ọkọ̀ nínú tròtrò. Atamátàsé mẹ́jọ ni Alhaji rà tán, kò sì mọ̀ pé ọjà náà ti jẹrà.

Fáòsíà ìyàwó rẹ̀ kíyè sí i. "Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rò ó wò. Gbogbo ìgbà ni Madina ń ná ọjà. Ṣé ẹ ti rí ọjọ́ tí wọ́n gbé e lọ sílé?"

"Ìbẹ̀rù ni!" ni Alhaji dáhùn, inú rẹ̀ dùn débi pé ó fò. "Wọ́n ń gbọ́ iye tí mò ń san, ara wọn ń gbọ̀n."

Ọjọ́ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìkẹyìn pé. Ẹgbẹ́ méjèèjì ni yóò pàdé lórí pápá Alajo. Èyí tó bá borí yóò gòkè lọ sí ipele kejì. Alhaji wọ bàbáńrígà funfun tó lè ṣe àgọ́ fún ìdílé kan. Ó ti pe ọkùnrin kan tó ń ra agbábọ́ọ̀lù wá láti Kumasi, ó fẹ́ ta gbogbo atamátàsé rẹ̀ fún un ní ìlọ́po mẹ́ta. Kí iyèméjì má bàa sí, ó ní kí Àkíbù máa fi gbohùngbohùn kéde iye ẹnì kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ti ń wọlé.

"Nọ́ńbà mẹ́sàn-án, Faruk! Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin sídì!"

Èrò hó. Alhaji gbọ́wọ́ sókè bí ọba.

Kò pẹ́ tí Faruk fi dá wà níwájú ilé Madina tó ṣófo. Ó ta bọ́ọ̀lù. Ẹyẹ ló kọ́kọ́ rí i. Atamátàsé ta, ó tàsé. Abena tó ń ta omi inú ọ̀rá lọgun, "Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin!" Gbogbo pápá gbà á lẹ́nu rẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ti ṣubú, ẹni tó bá ti tàsé, iye rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é.

Ni Usamah bá gba bọ́ọ̀lù láàárín, ó yí èèyàn mẹ́ta po, ó gbá a wọlé. Iṣẹ́ ti mọ́ Àkíbù lára, ó gbàgbé ẹni tó gbà á síṣẹ́. "Usamah! Kẹ́ńkè méjì àti ẹja díndín!"

Ọkùnrin Kumasi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ìka Mùkáílà aṣọ́lé bá yẹ̀. Mùbárákù wo àwọn tó wà ní ìjókòó. Atamátàsé ni gbogbo wọn, gbogbo wọn sì ń wo ìsàlẹ̀. Rẹfirí ṣí ìwé orúkọ.

"Ta ni Nọ́ńbà Kìíní yìí? Tàjùdíìnì?"

Alhaji fúnra rẹ̀ ló kọ orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀, torí kò fẹ́ kí orúkọ ẹnikẹ́ni ṣáájú tirẹ̀. Kò mọ̀ pé nọ́ńbà aṣọ́lé ni.

"Ẹ wọlé, Alága!" ni èrò ń ké. Ọkùnrin Kumasi náà sọ pé, "Alhaji, ẹ lọ, ká wò yín." Ojú kò jẹ́ kó kọ̀ ọ́. Ó wọlé tòun ti bàbáńrígà.

Usamah gbá bọ́ọ̀lù jẹ́jẹ́. Alhaji di ojú. Nígbà tó la ojú, bọ́ọ̀lù kò sí níwájú, kò sí lẹ́yìn. Ó ti wọ abẹ́ bàbáńrígà. Ó yípo, ó ń wá a. Ó fi ẹ̀yìn rìn wá a, ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kejì, títí òun àti bọ́ọ̀lù fi jọ wọ inú àwọ̀n. Rẹfirí fun fèrè: góòlù!

"Aṣọ́lé Alajo, èló ni?" ni èrò pè.

"Ọ̀fẹ́ ni o!" ni Àkíbù dáhùn nínú gbohùngbohùn.

Méjì sí òdo ló parí sí. Madina gòkè. Ọkùnrin Kumasi kọjá níwájú Alhaji láìwò ó, ó ń wá ibi tí Usamah wà. Fáòsíà ń fa bàbáńrígà ọkọ rẹ̀ jáde nínú àwọ̀n, ó ń já okùn kọ̀ọ̀kan tó kọ́ ọ.

Hajia Ràbíátù sún mọ́ wọn, ó gbé omi tútù dání, ó kúnlẹ̀ díẹ̀. "Alhaji, gbogbo Madina ní ká kí yín o. Bí kì í bá ṣe owó yín, a kì bá tí débí."

Bí Alhaji ti gbọ́ pé wọ́n ń kí òun, ó nà tàntàn, ó gbọ́wọ́ sókè bí ọba, ó ń juwọ́ sí gbogbo èrò. Ọwọ́ náà wà lókè, ẹ̀rín ń bú gbàù, kó tó yé e ohun tí wọ́n kí òun fún.